Ọ̀kan Di Púpọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìlànà Ìbí Nínú Ìṣirò Ìṣeéṣe

Àwọn ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí jù nìyí nígbàkígbà tí a bá dé orí ìlànà ìbí. Mo fẹ́ràn apá ìṣirò yìí gan-an, torí pé ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ló ń sọ: ọmọ ń bẹ, ọmọ ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ọjọ́ tó máa dé. Ẹni tó bá mọ ìṣirò ilé ìwé girama lè bá mi dé òpin.

Kí ni ẹ ń pè ní ìlànà ìbí?

Ẹ mú ohunkóhun tó ń bí irú ara rẹ̀: bakitéríà inú omi, igi inú igbó, ènìyàn, kódà ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan gbọ́ tó lọ sọ fún ẹlòmíràn. Ẹ kà á lónìí, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Iye náà kò lè dín, torí a ò tíì gba ikú láyè. Ó lè dúró bó ṣe wà, ó sì lè fi ẹyọ kan lé sí i. Ìgbà tí ẹyọ kan yẹn máa dé la ò mọ̀; bó ṣe sábà máa ń tètè dé tó la mọ̀. Iye tó bá ń gòkè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan báyìí, ní àkókò tí a ò lè sọ tẹ́lẹ̀, òun ni ìlànà ìbí.

Ohun kan ṣoṣo ló ya ìlànà ìbí kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, ìyẹn ni bí ìyára ìbí ṣe ń tẹ̀lé iye tó ti wà nílẹ̀. Bí ìyára náà bá dúró sójú kan, yálà ẹyọ 1 ló wà nílẹ̀ tàbí 1,000, èyí tí a ń pè ní ìlànà Poisson nìyẹn. Bí ẹyọ 10 bá ń bí ní ìlọ́po 10 ìyára ẹyọ kan, èyí tí a ń pè ní ìlànà Yule nìyẹn, òun ni mo sì máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Èyí tó bá tún yára ju ti Yule lọ lè hùwà tó ń ba ènìyàn lẹ́rù. A máa dé ibẹ̀.

λ tó kún inú àwọn ìwé yìí ńkọ́?

Láḿdà là ń pè é. Ìyára ìbí ẹyọ kan ni. Bí λ bá jẹ́ 2 ní wákàtí kan, ẹyọ kan máa ń bí lẹ́ẹ̀mejì ní wákàtí kan tí a bá pín in dọ́gba, tí ó fi jẹ́ pé ìdajì wákàtí ni a sábà máa fi dúró de ìbí kan. Bí ẹyọ n bá wà nílẹ̀, ìyára gbogbo wọn pa pọ̀ di nλ, ìdúró wa á sì kúrú di 1/(nλ).

Ibi tó ti máa ń le fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ìdúró yìí kì í rántí nǹkan kan. Bí ẹ ti dúró fún wákàtí kan gbáko tí ìbí kò dé, ẹ ò sún mọ́ ọn ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ. Ẹ wo ẹni tó ń ju dáìsì lúdò tó ń wá 6 kí ó lè jáde nílé. Ó ti jù ú nígbà ogún, 6 ò yọ. Dáìsì ò mọ̀ pé ogún ti kọjá. Ìdá kan nínú 6 náà ló ṣì wà fún un nígbà tó ń bọ̀.

Ta ló kọ́kọ́ ronú kan ìlànà yìí?

Orúkọ George Udny Yule ló mọ́ ọn lára, ọmọ Scotland tó kọ́ni ní Cambridge. Ọ̀rọ̀ ewéko ló gbé e débẹ̀. J. C. Willis, onímọ̀ ewéko tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí, ti ṣàkíyèsí pé bí a bá to ewéko sí ìdílé ìdílé, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìdílé náà ní ẹ̀yà kan ṣoṣo, àwọn díẹ̀ sì ní ẹ̀yà tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ní 1925, Yule ní kí a gbà pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń bí ẹ̀yà tuntun ní ìyára kan náà, láìsí pé ọ̀kan lágbára ju èkejì lọ. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀, àwòrán tí Willis rí sì yọ jáde. Kò sí ìdílé tó ní agbára pàtàkì kan. Àkókò àti bí nǹkan ṣe bọ́ sí i ló mú kan pọ̀, tó fi òmíràn sílẹ̀ ní ọ̀kan.

Ní 1937, Wendell Furry ní Amẹ́ríkà tún bá ìṣirò kan náà pàdé níbi tó ti ń ka àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó ń bí ara wọn bí ìtànṣán láti òkè òfuurufú ṣe ń wọ inú afẹ́fẹ́ wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè é ní ti Yule àti Furry. Ẹni tí mo máa ń fẹ́ kí wọ́n dárúkọ jù ni A. G. McKendrick, dókítà ìṣègùn tó ṣiṣẹ́ ní Íńdíà. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1914, ọdún 11 ṣáájú Yule. Àwọn onímọ̀ ìṣirò kò kíyè sí i, ó sì yẹ ká dá ọlá rẹ̀ padà fún un.

Ìwé ní ìpíndọ́gba jẹ́ 8. Ṣé 8 ni mo máa bá nílẹ̀?

Rárá o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìdáhùn yìí, torí òun ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan nínú ìlànà Yule, ìpíndọ́gba iye tó máa wà nílẹ̀ ní àkókò t jẹ́ e^(λt), níbi tí e ti jẹ́ nọ́ńbà bíi 2.718. Ìṣeéṣe pé ká bá n gẹ́lẹ́ jẹ́ e^(−λt) × (1 − e^(−λt))^(n−1). Ká ní a ti dúró tó fi jẹ́ pé e^(λt) di 8. Ẹ fi 8 sínú fọ́múlà yẹn: ìṣeéṣe pé ẹyọ kan ṣì ni ẹyọ kan jẹ́ 1/8. Ti 2 jẹ́ 1/8 × 7/8, ti 3 tún kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Nínú gbogbo iye tó ṣeé bá nílẹ̀, 1 ló ṣeé ṣe jù! Ìpíndọ́gba 8, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni iye tó lágbára jù lọ.

Níbo wá ni 8 ti wá? Láti ọwọ́ àwọn díẹ̀ tó pọ̀ kọjá ààlà ni. Ìṣeéṣe pé iye náà ju 24 lọ, ìlọ́po mẹ́ta ìpíndọ́gba, jẹ́ (7/8)^24, bíi 4 nínú 100. Àwọn 4 yẹn ń gbé ìpíndọ́gba gbogbo yòókù sókè. Bí ẹ bá to èsì láti kékeré dé ńlá, tí ẹ mú èyí tó wà láàárín gan-an, 6 lẹ máa bá, kì í ṣe 8.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí ìdúró ṣe ń kúrú. Ìdúró àkọ́kọ́ gùn tó 1/λ. Ti kejì jẹ́ ìdajì rẹ̀, ti kẹta jẹ́ ìdá mẹ́ta rẹ̀; nígbà tí ẹyọ 100 bá ti wà nílẹ̀, ìdúró ti di ìdá 100. Nítorí náà, bí àkọ́bí bá pẹ́ dé, gbogbo ìdílé pẹ́ nìyẹn, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa sáré bá ẹgbẹ́ wọn. Bí àkọ́bí bá yá, wọ́n ti ṣíwájú títí láé. Ẹyin ló ń di àkùkọ, ohun tí ìṣirò yìí sì fi kún un ni pé ìgbà tí a wà ní ẹyin ni ìpín máa ń yà. Àwọn díẹ̀ ni oríire ń rí gbá mú. Bí wọ́n bá ti pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò ká wọn mọ́.

Ǹjẹ́ ẹnìkan ti fi ojú rí i rí, yàtọ̀ sí orí ìwé?

Bẹ́ẹ̀ ni, èyí sì wà lára àwọn ìdánwò tó lẹ́wà jù nínú ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí. Ní 1943, Salvador Luria àti Max Delbrück fẹ́ mọ bí bakitéríà ṣe ń di ẹni tí kòkòrò kan tó ń jẹ wọ́n kò lè pa mọ́. Ṣé ìgbà tí kòkòrò náà bá dé ni wọ́n ń yí padà láti gba ara wọn là, tàbí àwọn kan ti yí padà ṣáájú, kí ogun tó dé? Luria wà ní Yunifásítì Indiana nígbà náà. Ibi ijó àwọn olùkọ́ ló wà, tó ń wo ẹnìkejì rẹ̀ níbi ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tó ń jẹ owó mì, tó sì ṣàdédé pọ owó jáde lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí èrò náà sọ sí i lọ́kàn.

Ó tọ́ bakitéríà sínú ọ̀pọ̀ ìgò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láti orí ìwọ̀nba díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ogun dé ni wọ́n ń yí padà, iye àwọn tó là á já á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ìgò dé ìgò. Ṣùgbọ́n bí ìyípadà bá ti ṣẹlẹ̀ nígbà kékeré nínú ìgò kan, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹni tó yí padà á kún ibẹ̀ bámúbámú. Ohun tó rí nìyẹn: ọ̀pọ̀ ìgò kò ní ẹyọ kan, òmíràn ní ju 100 lọ. Ẹni tó yá bí ló fi ọmọ kún ilé. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1969 pẹ̀lú Alfred Hershey.

Ǹjẹ́ a lè fi ìlànà yìí sọ iye àwa ọmọ Nàìjíríà?

A lè gbìyànjú. Ìkànìyàn 1991 rí 88,992,220. Ti 2006 rí 140,431,790. Láàárín Oṣù Kọkànlá 1991 sí Oṣù Kẹta 2006 jẹ́ ọdún 14 àti oṣù 4. Bí a bá mú un pé ìdàgbà náà tẹ̀lé e^(rt), r jẹ́ bíi 0.032, ìyẹn ni pé à ń fi bíi 3.2 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ẹ fi r pín 0.693, ìyẹn lógárídímù 2 lórí e, ẹ máa rí i pé irú ìlú bẹ́ẹ̀ á di ìlọ́po méjì láàárín bíi ọdún 22.

Wàyí o, báwo ni oríire ṣe lè yí iye yẹn padà tó? Nínú ìlànà Yule, bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni N, tí ìdàgbà sì jẹ́ ìlọ́po m, ìwọ̀n tí èsì fi sábà máa ń yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì jẹ́ gbòǹgbò oníbejì N × m × (m − 1). Níbí, m jẹ́ 1.578. Mo ṣe é, mo rí bíi 9,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án péré nínú 140 mílíọ̀nù! Èrò pápá ìṣeré kan kò kún. Oríire tó ń da ẹyọ kan láàmú kò lè mi orílẹ̀-èdè.

Nítorí náà, bí àwọn ènìyàn bá ń jiyàn lórí iye wa, tí ẹnìkan ń sọ iye kan, tí ẹlòmíràn ń fi mílíọ̀nù mẹ́wàá mẹ́wàá lé e, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé bí ọmọ bíbí ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ka ènìyàn ló fa ìyẹn. Wọ́n fagi lé ìkànìyàn 1973, wọ́n sì sún ti 2023 síwájú. Ó dùn mí pé a ní àwọn tó mọ ìṣirò yìí dáadáa, tí a kò sì fún wọn ní iye tó ṣeé gbọ́kàn lé láti bẹ̀rẹ̀.

Ìbejì ńkọ́? Ẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń bí.

Ọmọ Yorùbá nìkan ló máa ń tètè bi mí ní èyí, inú mi sì máa ń dùn. Òótọ́ ni, ìlànà tó rọrùn gbà pé ìbí méjì kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín 1972 sí 1982 rí tó 45 sí 50 orí ìbejì nínú 1,000 ìbímọ lọ́dọ̀ wa, Igbó-Ọrà sì ni gbogbo ayé mọ̀ sí i.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ kí ìbímọ kọ̀ọ̀kan fi 2 lé iye nígbà tó bá jẹ́ ìbejì, kí ó fi 1 lé e nígbà mìíràn. Bí ìpín ìbejì bá jẹ́ p, ìpíndọ́gba á di e^(λ(1+p)t). Bí p bá jẹ́ 0.045, ìlú tí ìbá di ìlọ́po méjì ní ọdún 22 láìsí ìbejì á dé ibẹ̀ ní ọdún 21. Táyé àti Kẹ́hìndé gba ọdún kan lọ́wọ́ gbogbo ìlú.

Bí ikú bá wọ ọ̀rọ̀ náà ńkọ́?

Ó di ìlànà ìbí àti ikú, tí William Feller gbé kalẹ̀ ní 1939, tí David Kendall sì fẹ̀ lójú ní 1948. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń bí ní ìyára λ, ó sì ń kú ní ìyára μ. Bí λ kò bá ju μ lọ, bó pẹ́ bó yá, wọ́n á run tán; kò sí àní-àní. Bí λ bá ju μ lọ, wọ́n ṣì lè run: láti orí ẹyọ kan, ìṣeéṣe ìrun jẹ́ μ/λ, láti orí ẹyọ k, μ/λ ní ìlọ́po ara rẹ̀ nígbà k.

Mi ò lè kọ́ni ní èyí kí n má rántí Èkó ní 2014. Ní Oṣù Keje ọdún náà, arìnrìn-àjò kan gbé Ebola wọ ìlú láti Làìbéríà. Nínú àjàkálẹ̀ àrùn, ẹni tó kó o ran ẹlòmíràn ló “bí”. Ẹni tó sàn, tó kú, tàbí tí a yà sọ́tọ̀ ló “kú”. Ká mú un pé λ jẹ́ ìlọ́po méjì μ. Láti orí ẹnìkan, ìdajì ni ìṣeéṣe pé àrùn á parẹ́ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti di 5, ó di 1 nínú 32. Bí 20 bá wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó kéré sí 1 nínú mílíọ̀nù kan.

Oríire kò lè gba Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh tó kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò gbọdọ̀ jáde, tó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i, àti àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé tọ àwọn bíi 900 tó ti fara kan aláìsàn lẹ́yìn, àwọn ni wọ́n fa λ wálẹ̀ tí wọ́n sì ti μ sókè, títí λ fi kéré sí μ. Ní orí ìwé, ìlà kan ni ìyẹn. Ènìyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 20 Oṣù Kẹwàá 2014 pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Àkókò tí wọ́n ṣì kéré ni iṣẹ́ yẹn ti ṣeé ṣe.

Kí ló pa ìlànà yìí pọ̀ mọ́ orúkọ ìdílé?

Ní 1873, Francis Galton fi ìbéèrè kan sínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan: kí ló dé tí orúkọ àwọn ìdílé ńlá ń parẹ́? Ọmọkùnrin ló ń gbé orúkọ lọ nílẹ̀ wọn. Ẹni tí kò bá bí ọkùnrin, orúkọ parí sí i lọ́wọ́. Àlùfáà Henry Watson dá a lóhùn, wọ́n sì jọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1874. Ọ̀nà tí Watson gbà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣe àṣìṣe kan níparí: ìṣirò ìdọ́gba tó kọ ní ìdáhùn méjì, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ 1 nígbà gbogbo. Ó mú 1, ó ní gbogbo orúkọ ló máa parẹ́. Èyí tó kéré jù nínú méjèèjì ni ìdáhùn gidi. Bienaymé, onímọ̀ ìṣirò ní Faransé, ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti 1845.

Alfred Lotka lo iye ọmọkùnrin àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà ní 1931, ó rí i pé orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkùnrin kan ní ìṣeéṣe 0.82 láti parẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè náà ń pọ̀ sí i. Lọ́dọ̀ wa, àṣà kí orúkọ bàbá kan máa wọ́ bọ̀ láti ìran dé ìran kò tíì pẹ́. Ilé ìwé àti ìwé ìjọba ló sọ ọ́ di dandan. Àwọn orúkọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn yìí ni.

Ṣé òótọ́ ni pé iye lè di àìlópin láàárín àkókò kúkúrú?

Nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ìyára ìbí ẹyọ n jẹ́ n × n dípò n. Àwọn ìdúró wa di 1, 1/4, 1/9, 1/16… Ẹ ro gbogbo wọn pọ̀ títí ayé, àròpọ̀ náà kò kọjá 1.645. Ìbí tí kò lóǹkà ti ṣẹlẹ̀ kí aago tó lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ti Yule kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí 1 + 1/2 + 1/3 + … kì í dúró níbì kan.

Ní 1960, Heinz von Foerster àti ẹni méjì mìíràn fi irú ìlà yìí bá iye ènìyàn ayé láti ìgbà pípẹ́ mu, wọ́n sì kọ ọ́ pé bí nǹkan bá ń lọ bẹ́ẹ̀, iye wa á di àìlópin ní ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kọkànlá 2026. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì di òní. Kò sídìí fún ìbẹ̀rù. Ìyára ìdàgbà ayé ga jù ní àwọn ọdún 1960, níbi bíi 2 nínú 100, ó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìgbà náà. A pé bílíọ̀nù 8 ní Oṣù Kọkànlá 2022 gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe kà á.

Níbo ni ìlànà Yule ti kùnà?

Ó gbà pé ọmọ tuntun lè bímọ lọ́jọ́ tí a bí i, pé ìyá arúgbó sì ń bí bí ọmọge. Sẹ́ẹ̀lì bakitéríà pàápàá ní láti dàgbà kí ó tó pín. Fún ènìyàn, ọjọ́ orí ni P. H. Leslie fi tún un ṣe ní 1945.

Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Kí ni mo máa lò?

Dáìsì lúdò kan àti abọ́ àgbàdo kan. Ẹ fi wóró kan síwájú. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ju dáìsì lẹ́ẹ̀kan fún wóró kọ̀ọ̀kan tó wà nílẹ̀. Bí 6 bá yọ, ẹ fi wóró kan kún un. Ẹ ṣe ìṣísẹ̀ 12, ẹ kọ iye tó kù nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dà sínú abọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan, nígbà 20 ó kéré tán. Ó dára kí àwọn ọmọ ilé pín in ṣe.

Ìpíndọ́gba tí ìṣirò ń retí jẹ́ 6.4. Nínú 20 náà, ẹ máa rí bíi ẹ̀ẹ̀mejì tí wóró kan ṣoṣo ṣì jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ìṣísẹ̀ 12, ẹ sì lè rí ibi tí ó ti kọjá 15. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìṣísẹ̀ tí 6 àkọ́kọ́ yọ sílẹ̀, kí ẹ fi ìlà méjèèjì wé ara wọn.